Igbó Orí Máàpù: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lọ́wọ́ QGIS àti Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Ọwọ́ ni mo fi ń ya igbó sórí máàpù tẹ́lẹ̀, igi kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí mo ń ṣe máàpù aláwòrán kan tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri kíláàsì, láti Èkó títí dé Ọ̀yọ́-Ilé, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ya igbó tó wà láàárín Ìjẹ̀bú-Òde àti Oǹdó. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi wò ó, ó ní òun fẹ́ kí ọ̀nà kan gba àárín igbó náà kọjá. Gbogbo rẹ̀ ni mo pa rẹ́. Ọjọ́ náà ni mo gbé QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, sórí kọ̀ǹpútà mi.

Ọ̀fẹ́ ni QGIS. Àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló sábà máa ń lò ó, ṣùgbọ́n ó wúlò fún ayàwòrán ju bí mo ti rò lọ. Ẹ óò fa ààlà igbó, ẹ óò pe irinṣẹ́ tó ń jẹ́ Random points in polygons, yóò sì fọ́n ààmì ká inú ààlà náà bí ìgbà tí àgbẹ̀ ń fọ́n irúgbìn. Orí ààmì kọ̀ọ̀kan ni ẹ óò wá gbé àwòrán igi lé.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lò ó, igi kan ṣoṣo ló hù. Igi kan kì í sì í dá igbó ṣe. Odidi ọ̀sán ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Mo ti kọ 1500 síbi tó ti ń béèrè bí ààmì kan ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí èkejì tó. Mítà ló wà lọ́kàn mi, àmọ́ dìgírì ni máàpù mi ń kà, bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé yíká kò ju dìgírì 360 lọ. Kò sí ibi tí igi kejì lè dúró sí. Nítorí náà, kí ẹ tó gbin ohunkóhun, ẹ fi Reproject Layer sọ ìwọ̀n máàpù yín di mítà. EPSG:32631, nọ́ńbà ìlànà máàpù kan tó ń ka mítà, ni mo lò, torí pé ó gba Èkó, Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ọ̀yọ́-Ilé pọ̀. Lórí ìwé tí mo ń tẹ̀, mítà 1500 jẹ́ mìlímítà 3, ìyẹn sì tó kí orí igi fara kan ara wọn díẹ̀.

Bí igi bá ti hù, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Àárín igi ni QGIS máa ń gbé sórí ààmì, tí igbó fi máa ń dà bí ohun tó léfòó. Ẹ yí anchor rẹ̀, ìyẹn ibi tí àwòrán ti so mọ́ ààmì, sí Bottom kí ìdí igi lè kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, igi ìsàlẹ̀ ìwé ló gbọ́dọ̀ bo ẹsẹ̀ igi tó wà lókè rẹ̀. Ẹ tan Control feature rendering order, ẹ kọ y($geometry) síbẹ̀, ẹ yan Descending, kí ó lè kọ́kọ́ ya igi tó wà lókè ìwé. Ohun kékeré yìí ló sọ ààmì ẹgbẹ̀rún di igbó lójú mi.

Ẹ má ṣe fi rand(), tó máa ń mú nọ́ńbà èyíkéyìí tó bá wù ú, sínú ìtóbi igi tààràtà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá sún máàpù ni igi ń pààrọ̀ ìtóbi, mi ò sì mọ èyí tó máa bá lọ sórí ìwé. Inú tábìlì ni kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sí nípasẹ̀ Field Calculator, kí ó lè dúró sójú kan.

Inú mi dùn, mo gbé e lọ han bàbá mi. Iṣẹ́ gẹdú ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Igi wo nìyí? Ta ló gbin èyí sí Oǹdó?”

Wọn ò jẹ̀bi. Àwòrán igi tí mo rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo lò, páìnì ṣóńṣó-orí, igi ilẹ̀ òtútù. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ sọ bí tiwa ṣe rí fún mi.” Wọ́n gba pẹ́ńsù. Ìdí àràbà yọ gbòǹgbò bí ògiri. Ìrókò ga lọ fíofío kó tó yọ ẹ̀ka. Wọ́n ní ọ̀pẹ kò ṣòro, ọmọdé á dá a mọ̀. Igi márùn-ún la yà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì fi Inkscape, ètò ìyàwòrán kan, sọ wọ́n di SVG, irú àwòrán tí QGIS lè gbé sórí ààmì.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ilẹ̀ ni kí n máa bi léèrè kí n tó bi kọ̀ǹpútà. Bí a bá ti ń lọ sókè sí Ọ̀yọ́-Ilé, ọ̀dàn ni: igi òrí, igi irú àti oṣè, kí wọ́n jìnnà síra wọn, etídò nìkan ni kí igi ti sún mọ́ra. Ọ̀dàn yẹn ló gba ẹṣin Ọ̀yọ́ láàyè. Nínú igbó, eṣinṣin kan wà tí àìsàn rẹ̀ ń pa ẹṣin. Ọmọ tó bá rí igbó dúdú ní Ọ̀yọ́-Ilé lórí máàpù mi kò ní lóye ìtàn náà. Bákan náà, igbó kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìlú. Oko etílé ló kọ́kọ́ wà. Mo fi Buffer fa òrùka yí ìlú kọ̀ọ̀kan ká, mo fi Difference gé e kúrò lára igbó, orúkọ ìlú sì ráyè jókòó.

Igbó kan wà tí irinṣẹ́ yìí kò lè gbìn fún yín. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ ohun ìní àgbáyé ní 2005, jẹ́ bíi hẹ́kítà 75. Lórí ìwé mi, kò tó ẹsẹ̀ igi kan. Bí mo bá tẹ̀ lé ìwọ̀n, yóò pòórá, èmi kò sì lè fi ọmọ Yorùbá síwájú máàpù tí kò ní Igbó Ọ̀ṣun. Ọwọ́ ni mo fi ya tirẹ̀, igi mẹ́ta tó tóbi ju gbogbo ìyókù lọ, odò sì gba ìdí wọn kọjá.

Nígbà tí mo gbé e padà dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, wọ́n fi ìka tọ ọ̀nà láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Oǹdó, wọ́n dúró níbì kan. “Àràbà kan wà níbí nígbà tèmi,” ni wọ́n wí. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo sì gbé àràbà sí i.