Òṣogbo sí Òkukù Lẹ́yìn Ọkọ̀ Ojú Irin Ẹlẹ́rù

Ẹni tó bá tìtorí àtiwo ọkọ̀ ojú irin ẹlẹ́rù wá sí Òṣogbo, kó má fi àkókò ṣòfò ní ojú rélùwéè Old Garage. Ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń júwe, torí pé kò jìnnà sí téṣàn. Kí lẹ máa rí níbẹ̀? Màrúwà, ọlọ́kadà, igbá tòmátì, àti ọkọ̀ ojú irin tó ń rọra wọ́ láàrin èrò. Orí rẹ̀ nìkan lẹ máa rí kí bọ́ọ̀sì tó dí yín lójú. Ẹ̀yìn ìlú ni ìgbádùn wà, lápá Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, níbi tí ọ̀nà oko ti ń dá irin kọjá láìsí géètì, láìsí ariwo.

Ìrìn Òṣogbo sí Ìkìrun fúnra rẹ̀ kò ní ìtàn. Kí ẹ tó wọ mọ́tò ni iṣẹ́ wà. Ẹ kọ́kọ́ yà sí téṣàn, ẹ kí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ dáadáa, kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹ má béèrè pé aago mélòó ni ọkọ̀ ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó lè dáhùn ìyẹn, torí ọkọ̀ ẹlẹ́rù kì í tẹ̀ lé aago bíi ti èrò. Ìbéèrè tó ń mú èsì wá ni: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan kan ti kúrò ní Ọ̀fà? Ẹdẹ ńkọ́?” Irin ẹyọ kan ló wà lójú ọ̀nà yìí. Ọkọ̀ méjì ò lè ya ara wọn àfi ní téṣàn tí irin ti pín sí méjì. Nítorí náà, èyí tó bá ti kúrò ní téṣàn kan gbọ́dọ̀ yọ ní èkejì, àfi tó bá bàjẹ́ lọ́nà. Ìyẹn nìkan lẹ lè gbára lé, íntánẹ́ẹ̀tì ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Tí ẹ bá dé ojú irin, ẹ wo orí irin kí ẹ tó wá ibi jókòó. Bí òjò bá rọ̀ lóru, orí irin á ti pọ́n bí osùn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Tó bá ṣì pọ́n bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kankan ò tíì kọjá. Tó bá ń dán níbi tí kẹ̀kẹ́ ń tẹ̀, ọ̀kan ti lọ nìyẹn. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ gbé etí lé irin bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe. Fèrè ọkọ̀ tó láti kìlọ̀, ó sì máa ń dún kí ẹ tó rí i rárá.

Irin tóóró ni tiwa: mílímítà 1,067 láti inú irin kan sí inú èkejì, ìwọ̀n tí wọ́n fi tẹ́ ẹ láti Ìbàdàn dé Òṣogbo ní 1907. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí láàrin Èkó àti Ìbàdàn ní 2021 jẹ́ 1,435, Ìbàdàn ló sì parí sí. Ìwọ̀n yìí kan ààbò yín gan-an. Kọ́ńténà fẹ̀ tó mítà 2.44. Tí wọ́n bá gbé e lé irin tóóró yìí, yóò yọ síta ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 69 lápá ọ̀tún àti 69 lápá òsì. Ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, tó rò pé òun ti yà lọ́nà, àárín ọ̀nà gan-an ló wà. Okùn tapólì tó bá já náà á tún máa fì síta. Ẹ jìnnà tó mítà márùn-ún, ó kéré tán.

Ohun tó ń bí èèyàn nínú jù ni bí wọ́n ṣe ń fi ojú ibi tí títì ti dá irin kọjá sílẹ̀ láìtọ́jú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní ètè níhà inú, ètè yẹn ni kì í jẹ́ kó yẹ̀. Wọ́n ní láti fi kòtò tóóró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin níhà inú kí ètè náà lè ráyè gbà. Típà tó kó yanrìn á kọjá, yanrìn á dà sínú kòtò. Òjò á kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà á dí ìyókù. Táyà ọkọ̀ á wá máa tẹ̀ ẹ́ títí á fi gan. Nígbà náà ètè kẹ̀kẹ́ ò ní ráyè wọlẹ̀ mọ́, á gun orí ìdọ̀tí yẹn, kẹ̀kẹ́ á sì bọ́ sílẹ̀. Wágọ́ọ̀nù (ọkọ̀ ẹrù tí orí ọkọ̀ ń fà) tó ṣófo ló tètè ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí kò ní ẹrù tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní ojú irin kan lẹ́yìn Ìkìrun, bàbá àgbẹ̀ kan fi àdá tú kòtò náà lójú wa: ìdérí ìgò tó ti pẹlẹbẹ, àjákù bàtà, amọ̀ líle. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó ní àwọn ò fẹ́ kí ọkọ̀ yẹ̀ sínú oko àwọn.

Ọlọ́kadà ló fẹ́ ba ọjọ́ náà jẹ́. A dúnàádúrà ní gáréèjì Ìkìrun, ó gbà. Nígbà tí a dé ojú irin tó rí kámẹ́rà, owó di ìlọ́po méjì: ó ní a ò sọ fún òun pé iṣẹ́ ìjọba la wá ṣe, owó ìdúró sì wà lọ́tọ̀. Ìwọ̀sí gbáà ni. Ẹ̀yin tó ń bọ̀, kí ẹ dárúkọ àlọ, ìdúró àti àbọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó gun ọ̀kadà. Kámẹ́rà, inú báàgì ni kó wà. Èyí tó dáa jù ni kí ẹ san àlọ, kí ẹ gba nọ́ḿbà rẹ̀, kó máa lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ pé owó fọ́tò wà, ẹ kí i, ẹ sọ ohun tí ẹ wá wò, ẹ má tọwọ́ bọ àpò.

Ìbínú yẹn rọ̀ nígbà tí fèrè dún. Orí ọkọ̀, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tó ń fa gbogbo rẹ̀, tí ẹ máa retí ni irú tí wọ́n ń pè ní C25EMP, 25 ni ìjọba rà lọ́wọ́ General Electric ní nǹkan bí 2010. Ẹ máa mọ̀ ọ́n: kẹ̀kẹ́ mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ ti máa ka wágọ́ọ̀nù: èyí tó ní ilẹ̀kùn fún sìmẹ́ǹtì, èyí tó rí roboto fún epo, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ fún kọ́ńténà. Ti sìmẹ́ǹtì, ẹ wo ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀. Eruku funfun ti lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ bá dúró tó tún fẹ́ gbéra, ẹ tẹ́tí: ìdè wágọ́ọ̀nù á máa fa ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbà, gbà, gbà, láti iwájú títí dé ẹ̀yìn pátápátá. Ohùn yẹn nìkan tó owó mọ́tò.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ eré tó ń sá, ẹ fi ẹsẹ̀ wọn 50 mítà létí ọ̀nà, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú àáyá tí orí ọkọ̀ fi kọjá láti òpin kan sí èkejì. Ẹ fi iye yẹn pín 180. Mẹ́fà túmọ̀ sí kìlómítà 30 láàrin wákàtí kan. Mẹ́sàn-án jẹ́ 20.

Fún fọ́tò, irin yìí kọjú sí àárín àríwá àti ìlà-oòrùn láti Òṣogbo. Òwúrọ̀ ni oòrùn ń tàn sí iwájú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀fà. Ìrọ̀lẹ́ ni ti èyí tó ń bọ̀ láti ọ̀hún. Ìgbà ọyẹ́ kò dáa, gbogbo rẹ̀ á funfun bàlàù. Ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ló mọ́ jù.

Ní Òkukù, ẹ jẹun kí ẹ tó lọ sójú irin, torí kò sí olóúnjẹ lọ́nà oko. Omi púpọ̀ àti fìlà ṣe pàtàkì ju kámẹ́rà lọ. Ẹ má sì dúró de ìrọ̀lẹ́ pátápátá kí ẹ tó wá mọ́tò padà sí Òṣogbo, torí àwọn tó bá kù nígbà náà, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń pè.