Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Ìkànnì Tó Wó Ti Dìde

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga o! Ìkànnì tẹ́ ẹ gbọ́ pé ó wó lọ́wọ́ mi ti padà bọ̀ sípò, odindi, kò sí ojúewé kan tó dín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbàdúrà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè mí láàárín òru, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kójú tì yín. Mo ti ní kára mi balẹ̀ dáadáa kí n tó kọ nǹkan kan, àmọ́ ọpẹ́ yìí ò ṣeé gbé mì.

Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á yékéyéké, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà kó sí kòtò kan náà.

Ìkànnì tí wọ́n fi WordPress, ètò ìkọ́ ìkànnì, ṣe ni. À ń kó o láti orí server kan (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì fáyé rí) lọ sórí òmíràn, àdírẹ́sì rẹ̀ sì máa kúrò ní http, á di https. Lẹ́tà s kan ṣoṣo ló lé. Mo gbé dátàbéèsì rẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ àti ètò rẹ̀ wà, jáde ní fáìlì SQL, mo ṣí i bí èèyàn ṣe ń ṣí ìwé, mo ní kí kọ̀ǹpútà fi àdírẹ́sì tuntun rọ́pò ti àtijọ́ níbi gbogbo. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán ló kún inú dátàbéèsì WordPress. Àwọn ètò kan wà tí PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ WordPress, máa ń dì pọ̀ bí ẹrù, á ka iye báìtì (ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń ka ọ̀rọ̀) tó wà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀, báyìí:

s:18:"http://example.com";

Ẹ kà á fúnra yín, 18 ni. Ẹ fi s kan kún un, ó di 19, àmọ́ 18 ṣì ni PHP máa bá níwájú. Bó bá fẹ́ tú ẹrù náà, tí iye ò bá ohun tó rí mu, gbogbo ẹrù ló máa tì dànù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹn nìkan. (Báìtì ni mo wí o, kì í ṣe lẹ́tà. Ẹ̀ tiwa yìí, pẹ̀lú àmì orí àti ti ìsàlẹ̀, báìtì 5 ló ń gbà nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà pamọ́, nítorí náà kẹ́nikẹ́ni má rò pé òun á fi ìka kà á, òun á sì fọwọ́ tún un ṣe.) Ìdí nìyẹn tí àwọn widget (àpótí kéékèèké inú ojúewé), ètò àwọ̀ àti bí ojúewé àkọ́kọ́ ṣe tò fi pòórá lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí àwọn àpilẹ̀kọ wà níbẹ̀ digbí. Kò sí ìkìlọ̀ kankan. Ojúewé ṣí wẹ́rẹ́: òkè funfun, ìsàlẹ̀ funfun, orúkọ ìkànnì nìkan ló dá dúró láàárín. Àyà mi já. Mo tún un ṣí, mo tún un ṣí, funfun náà ni.

Ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà nínú iṣẹ́ yìí ni mo pè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ẹni tí mò ń sọ. Wọn ò bú mi, wọn ò sì bi mí pé kí ló gbé mi débẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ẹ̀dà rẹ̀ dà?"

Ẹ̀dà wà! Ó wà nítorí pé láti orí ojúewé àkọ́kọ́ tí mo kọ ni wọ́n ti ń rọ ọ̀rọ̀ yìí sí mi létí: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan má sì sí lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹ̀dà téèyàn ò tíì dá padà wò rí, wọ́n ní kí n má pè é ní ẹ̀dà, torí fáìlì SQL lè já láàárín bó ṣe ń jáde, kó ṣì máa jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́. Inú fódà wp-content ni àwòrán àti theme (ìrísí ìkànnì) wà, inú dátàbéèsì ni ọ̀rọ̀ àti ètò wà. Ẹni tó gba ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀, ìdajì ìkànnì ló gbà. Mo máa ń rò pé wọ́n ń le jù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Àgbà ò ní tán lọ́jà wa tí orí ọmọ tuntun á fi wọ́.

WP-CLI, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ àṣẹ fún WordPress, ni wọ́n ní kí n lò. Kí n kọ́kọ́ dá ẹ̀dà padà, kí n tún fi wp db export gba òmíràn, lẹ́yìn náà:

wp search-replace 'http://example.com' 'https://example.com' --skip-columns=guid --dry-run

Àṣẹ yìí máa tú ẹrù, á pààrọ̀ ọ̀rọ̀, á tún iye rẹ̀ kà, á wá dì í padà. Tí --dry-run bá ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan; iye ibi tí ìyípadà máa wà nínú tábìlì kọ̀ọ̀kan ló máa sọ. Ẹ fara balẹ̀ wò ó kẹ́ ẹ tó yọ --dry-run kúrò. Ti guid, ẹ fi í sílẹ̀. Òun làwọn ètò tó ń ka feed (àkójọ àpilẹ̀kọ tuntun) fi ń dá àpilẹ̀kọ mọ̀. Bó bá yí, àwọn àpilẹ̀kọ àtijọ́ á tún máa jáde bíi tuntun.

Ó tún ku ti DNS, ìwé àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń júwe server tí ìkànnì wà. Ó kéré tán, ọjọ́ kan ṣáájú ìkólọ ni kẹ́ ẹ ti sọ TTL (iye ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n lè fi rántí àdírẹ́sì náà) di 300, ìyẹn ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá wà ní 86400, àwọn kan lè fi odindi ọjọ́ kan máa bá server àtijọ́ pàdé. Ẹ má sì tíì pa server àtijọ́ náà. Bẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀ nameserver (server tó ń tọ́jú DNS yín), ẹ da àwọn àkọsílẹ̀ MX, tó ń darí ímeèlì, kọ síbì kan ná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìkànnì á máa ṣiṣẹ́, ímeèlì oníbàárà ò ní wọlé mọ́, ẹ̀yin náà ò sì ní tètè fura.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ ìkànnì kíkọ́ kì í ṣe iṣẹ́, mi ò gbàgbé yín. Ẹ ní template (àwòṣe ìkànnì tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀) ti gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹ ní ẹni tí kò kà á ní yunifásítì ń tan ara rẹ̀ ni. Mo kí yín. CERN, ilé ìwádìí tí wọ́n ti dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, fi wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, wọn ò bi ẹnikẹ́ni ní sàtífíkéètì. Template ò sì lè sọ fún ọmọṣẹ́ ìdí tí àpótí rẹ̀ fi yọ síta. Ó kọ width: 300px, ó fi padding (àlàfo inú) 20px sí ọ̀tún àti òsì, ó fi border (ìlà etí) 1px yí i ká, ó wá ń yà á lẹ́nu pé àpótí gba 342px. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀: inú àpótí nìkan ni width ń wọ̀n, àyàfi téèyàn bá kọ box-sizing: border-box. Ẹ tún wo àwọ̀ eérú #777 lórí funfun. Ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ wọn, 4.48 sí 1 ni, WCAG, ìlànà tó ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn lè lo ìkànnì, sì ń béèrè 4.5 fún ọ̀rọ̀ kékeré. #767676 yege. Ojú tó dá ṣáká lè má rí ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, àmọ́ ẹni tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ tuntun, HTML, egungun ojúewé, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbá mú, ẹ má sáré wọ JavaScript. Ẹ fi Tab nìkan rin fọ́ọ̀mù yín já, láìfọwọ́ kan mouse. Bẹ́ ẹ bá fi div lásán (àpótí HTML tí kò ní iṣẹ́ kan) ṣe bọ́tìnì, Tab á fò ó kọjá, ibẹ̀ sì ni ẹni tí kò ríran máa há sí. Kí orúkọ fáìlì yín jẹ́ lẹ́tà kékeré: Logo.PNG àti logo.png, ọ̀kan náà ni lójú Windows, méjì ni lójú Linux, ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwòrán tó hàn lórí kọ̀ǹpútà yín sọnù bó bá dé orí server.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ẹ kú ìdúró tì mí. Ẹ̀dà mẹ́ta ti òní ti wà nípamọ́, mo sì ti dá ọ̀kan padà wò kí n tó kọ èyí.