Ọkùnrin Tí Wọ́n Ní Kí N Fi Pa Èèyàn Lẹ́rìn-ín

Dókítà eyín ni mo ṣe nínú eré náà. Irú ipa tí wọ́n sábà máa ń fún mi ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn: bàbá oníbìínú, ọ̀gá ọlọ́pàá, aládùúgbò aláròyé. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jẹun nídìí irú ipa bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n eléyìí kọ́ mi lọ́gbọ́n tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òṣèré tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbọ́.

Eré Anne Frank ni, ọmọbìnrin Júù tó kọ ìwé ìrántí níbi tó fara pamọ́ sí, èyí tí Frances Goodrich àti Albert Hackett kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní New York lọ́dún 1955. Júù 8 ló fara pamọ́ sẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan ní Amsterdam, ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, títí àwọn agbófinró Násì, ìjọba Hitler ti Jámánì, fi wá kó wọn lọ́jọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1944. Otto, bàbá Anne, nìkan ló yè é.

Ọ̀gbẹ́ni Dussel, ọ̀kan lára àwọn mẹ́jọ náà, ni wọ́n fún mi. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ rìhásà, olùdarí wa ní, "Eré yìí wúwo, bùọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ kí àwọn èèyàn mí." Mo gbà. Mo ń fi áńkáṣíìfù nu àga kí n tó jókòó, mò ń jágbe mọ́ Anne nítorí tábìlì tí àwa méjèèjì ń jà sí, gbogbo èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó wádìí ẹni tí mò ń ṣe. Fritz Pfeffer lorúkọ rẹ̀. Anne ló sọ ọ́ ní Dussel nínú ìwé rẹ̀, ọ̀rọ̀ Jámánì tó sún mọ́ òmùgọ̀. Ọdún 1889 ni wọ́n bí i ní Giessen, ó sì ń ṣe dókítà eyín ní Berlin. Ní 1938 tí wọ́n dáná sun àwọn sínágọ́gù, ilé ìjọsìn àwọn Júù, ó fi Werner ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òun sì sá lọ sí Amsterdam pẹ̀lú Charlotte Kaletta, obìnrin tó fẹ́ràn. Kátólíìkì ni Charlotte. Òfin Násì ti 1935, tí kò gba Júù láyè láti fẹ́ ọmọ Jámánì tí kì í ṣe Júù, kò jẹ́ kí wọ́n ṣègbéyàwó. Nígbà tí Pfeffer wà níbi ìfarapamọ́, Miep Gies, obìnrin kan tó ń ran àwọn tó fara pamọ́ lọ́wọ́, ló ń bá wọn gbé lẹ́tà lọ, gbé e bọ̀. Ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì wà o, Charlotte kò sì mọ ibi tí ọkùnrin náà wà. Àgọ́ Neuengamme, àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì ní Jámánì, ni Pfeffer kú sí, ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 1944.

Nínú eré, mo gbọ́dọ̀ sọ pé Họ́láǹdì ni wọ́n ti bí èmi, bàbá mi àti bàbá bàbá mi. Lálẹ́ Hanukkah, àjọ̀dún ìmọ́lẹ̀ àwọn Júù, mo gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni tí kò mọ àjọ̀dún náà rárá. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Jámánì ni Pfeffer, Júù tó mọ àdúrà rẹ̀ lédè Hébérù ni! Charlotte rí ohun tí wọ́n fi ọkùnrin náà ṣe, ó sì fi ẹ̀hónú hàn sí àwọn òǹkọ̀wé.

Ẹ rò ó wò. Bí akígbe kan bá ki ọmọ Olọ́fà ní oríkì Ìkòyí níbi òkú rẹ̀, ṣé ẹbí máa jókòó? Èmi ni mo ń ki òkú yìí ní ìkíkúkì, tí mo sì ń gba àtẹ́wọ́ sí i. Nínú àwọn Júù bíi mílíọ̀nù 6 tí àwọn Násì pa, ẹyọ kan péré ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

A ò lè yí ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé padà. Nítorí náà, ara mi ni mo fi ṣiṣẹ́. Pfeffer ń kọ́ èdè Sípéènì nígbà tó fara pamọ́, bí ẹni tó ṣì ní ibi tó ń lọ. Mo fi ìwé kan sórí tábìlì náà, n kò jágbe mọ́. Mo kàn gbọ́wọ́ lé ìwé, mo wo ọmọ olọ́mọ, mo rántí Werner. Ẹ̀rín dín kù. Olùdarí bínú, a sì jọ fà á gan-an. Mo ṣì gbà pé èmi ni mo jàre.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó há ọ̀rọ̀ sórí, ẹ lọ wá ẹni náà. Ẹ mọ ibi tí wọ́n bí i sí, ẹ mọ ẹni tó ń retí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí èmi ṣe é ti pẹ́ jù.

Ti Hanukkah ló ṣòro jù. Mo kọ́ àdúrà àbẹ́là náà lédè Hébérù, bí wọ́n bá sì ti ń tan iná, ètè mi á máa gbà á láìsí ohùn. Olùdarí ní kó ṣáà má hàn jù. Ọmọbìnrin tó ṣe Anne ló kọ́kọ́ fura. Ó bi mí lẹ́yìn ìtàgé pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń sọ níbẹ̀?" Mo sọ fún un. Láti ọjọ́ kejì, bí wọ́n bá ti tan àbẹ́là, á rọra sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ lè kan ẹnu mi.