Bí Èémí Ọmọ Bá Kúrú, Kì Í Pẹ́ Nínú Eré

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, bí agogo eré ìdárayá bá lù, àwọn ọmọ kan á rọra yà sábẹ́ igi. Olùkọ́ á ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Èémí wọn ló kúrú. Bí wọ́n bá sáré fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹsẹ̀ á wúwo, wọ́n á sì jáde. Ọmọ tó ti jáde ò ní rí bọ́ọ̀lù gbá tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì ní mọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́rí padà lórí eré. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ojú á tì í. Bí ojú bá sì ń tì í, kò ní fẹ́ ṣe é mọ́.

Ibẹ̀ ni èémí ti so eré ṣíṣe pọ̀ mọ́ mímọ ara lò, èyí tí wọ́n ń pè ní physical literacy lédè Gẹ̀ẹ́sì. Margaret Whitehead, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń ṣàlàyé mímọ ara lò láti ọjọ́ pípẹ́, ka ìfẹ́ sí eré, ìgboyà, ara tó já fáfá àti òye mọ́ ọn. Ọmọ tí èémí rẹ̀ gùn máa ń pẹ́ lórí pápá, pípẹ́ yẹn ló sì ń kọ́ ọ ní gbogbo ìyókù.

Ẹ lè wọn èémí ọmọ láìdé pápá Adámásìngbà. Luc Léger, onímọ̀ nípa eré ìdárayá, àti ẹnì kejì rẹ̀ ní Montreal ní Kánádà ló gbé sísá alálọbọ̀ oní-mítà 20 jáde ní 1982. Ẹ fi téèpù wọn mítà 20, kí ẹ fi eérú fa ìlà méjì. Ẹ gba ohùn tó ń ké "píì" sórí fóònù. Ọmọ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan ìlà kí ohùn tó ké. Ìyára àkọ́kọ́ jẹ́ kìlómítà 8.5 ní wákàtí kan, ìyẹn bíi ìṣẹ́jú àáyá 8 àbọ̀ fún àlọ kan. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ìdajì kìlómítà kún un. Bí ọmọ ò bá bá ìlà lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ó parí.

Ẹ má fi ìṣísẹ̀ wọn ilẹ̀ o. Bí ilẹ̀ ò bá pé mítà 20, irọ́ ni èsì yẹn. Àwọn ọmọ tún máa ń fi agbára bẹ̀rẹ̀, á sì ti rẹ̀ wọ́n kí ìṣẹ́jú kẹta tó pé. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹ kó jẹ́ eré sísá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn níbi ìlà dáadáa. Ọmọ tó ń yí gbirigbiri níbẹ̀ dípò kó fi ẹsẹ̀ kan gún ilẹ̀, kó sì ṣẹ́rí, ń pàdánù àsìkò ní gbogbo ìgbà. Èémí rẹ̀ lè dára, kí èsì rẹ̀ kéré. Ẹ kọ́ ọ ní ṣíṣẹ́rí ná, kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù ni kí ẹ ṣe é, kí oòrùn tó mú. Ọmọ tó ní ikọ́ fée tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS ò gbọdọ̀ sá a títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Dókítà rẹ̀ ni kó sọ ibi tó lè dé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà 2020, ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré tó ń mú èémí yára fún ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, kí èyí tó le wà níbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Bí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ó ti ń ṣe eré náà. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta ló lè sọ kó tó mí, èyí tó le ló ń ṣe.

Fún ọmọ tí èémí rẹ̀ kúrú, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sísáré fún ìṣẹ́jú àáyá 20 àti rírìn fún 40, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ ọ́ di 30 àti 30. Ẹkùn àti ẹran dùn, àmọ́ ọmọ méjì péré ló ń sáré níbẹ̀, àwọn yòókù dúró ní òbìrípo tí wọ́n ń kọrin. Ẹ fi ẹkùn mẹ́ta sí i, kí gbogbo àwọn yòókù di ẹran. Ẹ má sì to ogójì ọmọ sẹ́yìn bọ́ọ̀lù kan. Márùn-ún márùn-ún ni kí ẹ pín wọn sí.

Èyí tó burú jù lójú mi ni kí olùkọ́ ní kí ọmọ tó pẹ́ dé yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọmọ yẹn á gbà pé ìyà ni eré sísá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ tún sá alálọbọ̀ yẹn lórí ilẹ̀ kan náà, ní àsìkò kan náà, pẹ̀lú bàtà kan náà. Ẹ má ka èsì rẹ̀ sétí kíláàsì. Ẹ pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi ti àkọ́kọ́ àti ti ìsinsìnyí hàn án.