Tépù Tó Wà Lọ́rùn Mi Ló Kọ́kọ́ Sọ Fún Mi

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Arákálẹ̀, nílùú Àkúrẹ́, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fi tépù yí ìdí àwọn èèyàn ká. Èmi kì í ju ìwé ìwọ̀n nù. Oníbàárà tí mo kọ 32 síwájú orúkọ rẹ̀ lọ́dún tó gbéyàwó, mo ti fagi lé 32 yẹn, mo kọ 34, mo tún fagi lé ìyẹn, mo kọ 38. A ó sì jọ rẹ́rìn-ín sí i. "Ọ̀gá, ayé ń yẹ yín o!" Bí mo ṣe máa ń wí nìyẹn, torí lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ ni wọ́n ń kí kú oríire, ẹni tó rù ni wọ́n ń bi pé ṣé kò sí o.

Ìwọ̀n tèmi náà wà nínú ìwé yẹn. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni, torí ara mi ni mo kọ́kọ́ rán ṣòkòtò fún lẹ́yìn tí mo ṣe fírídọ́ọ̀mù. 31 ni mo kọ síbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa di ẹni ọdún 48, igi tí mo fà lé nọ́ńbà ti pọ̀ débi pé ìwé fẹ́ẹ̀ ya, 39 ló sì kẹ́yìn. Ẹ wò ó, irọ́ ni 39 yẹn pàápàá. Ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ bá ti yọ kì í so ṣòkòtò mọ́ ikùn mọ́, abẹ́ ikùn ló ń sọ̀ ọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni télọ̀ ń wọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí gan-an, kó bọ́ ẹ̀wù, kó mí síta, kó fi tépù yí ọ̀gangan ìdodo ká.

Àmì ti wà ṣáájú. Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde ọdún kan, àwọn ọmọ ìjọ wa háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Òkè Ìdànrè. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé àtẹ̀gùn ara òkè yẹn lé ní 600 kéèyàn tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè. Ibi ìsinmi àkọ́kọ́ ni mo jókòó sí, mi ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, àyà mi ń lù kìkì, àwọn ìyá àgbà ń kọjá lára mi tàwọn ti ike omi lọ́wọ́. Mo ní bàtà ló ń há mi lẹ́sẹ̀. Ẹ mọ àwa télọ̀, irọ́ kì í wọ́n wa.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni ti ẹ̀gbọ́n mi ṣẹlẹ̀. Bọ̀dá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é, ìlú Ondó ló ń gbé, ó ní oko kòkó. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kì í ṣe bí ìgbà tí nǹkan gúnni o, ó ní ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan gbé àpò kòkó tó kún lé òun láyà. Ìrora náà dé èjìká òsì, ó sọ̀ kalẹ̀ sí apá, ó gòkè dé àgbọ̀n. Òógùn bò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n máa lọ sílé ìwòsàn. Bọ̀dá ní rárá, iyán alẹ́ àná ni kò dà, ọgbẹ́ inú ni. Ó mu oògùn ọgbẹ́ inú. Ó mu agbo lé e. Ó ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Dókítà fi yé wa pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí ọ̀kan lára àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní háàtì atáàkì nìyẹn. Apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé lára ọkàn, kíkú ló ń kú, bí ìṣẹ́jú sì ṣe ń lọ ló ń kú sí i. Èyí tó bá ti kú kì í hù padà, àpá ló ń dì. Wákàtí márùn-ún tí Bọ̀dá fi ń dúró kí ilẹ̀ mọ́, ọkàn ló fi san owó rẹ̀. Ọlọ́run dá a sí, àmọ́ kò lè gbé àpò kòkó mọ́ títí dòní.

Nítorí náà, kí n tó sọ ti oúnjẹ: bí àyà bá ń fún yín tí kò fi yín sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, pàápàá tí òógùn tútù, èébì tàbí àìlèmí dáadáa bá bá a wá, ilé ìwòsàn tààrà ni. Ẹ má yà sí kẹ́míìsì, ẹ má sì gun ọ̀kadà yín fúnra yín, kí ẹlòmíràn gbé yín. Àwọn obìnrin kan wà tí àyà ò ní fi bẹ́ẹ̀ dùn wọ́n, tó jẹ́ pé àárẹ̀ òjijì, inú rírìn àti èémí kúkúrú ni yóò fi dé sí wọn. Ẹ má pè é ní ibà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹ̀rù ló gbé mi lọ, kì í ṣe ọgbọ́n. Mo kánjú débi pé mo gbàgbé tépù sọ́rùn. Nọ́ọ̀sì ní, "Dádì, ẹ lọ tọ̀ ná, kí ẹ wá jókòó, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga." Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn Bọ̀dá fún un. Ó ní, "Ẹ má sọ̀rọ̀ sà." Ó fi mí sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, kí n má gbé ọ̀kan kọ́ ìkejì, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù mi sókè, ó gbé apá mi lé tábìlì kó lè bá ọ̀gangan ọkàn mu. 178 lórí 110. Ó dúró díẹ̀, ó tún un wọ̀n: 174 lórí 108. Ẹ sì rántí, tó bá ti ń wọ 140 lórí 90 léraléra ni wọ́n ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, orí ò fọ́ mi o, òòyì ò kọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kágò kó tó wọlé." Ló bá na ọwọ́, ó yọ tépù lọ́rùn mi, ó fi yí mi ká ní ọ̀gangan ìdodo. 43. Tépù tèmi, tí mo fi ń jẹun!

Ó ní tí ọkùnrin bá ti kọjá 40 íǹṣì, tí obìnrin kọjá 35, ewu ti ń súnmọ́. Ó tún fi ọ̀nà kan hàn mí tí kò gba nọ́ńbà rárá, mo sì ti fi han gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi. Ẹ mú okùn tó gùn tó yín láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí ẹ wá fi yí ikùn. Ó yẹ kó pàdé. Nígbà tí mo ṣe tèmi, àlàfo íǹṣì 9 ló kù. Ọ̀rá tó wà nínú ikùn, èyí tó wé mọ́ ìfun àti ẹ̀dọ̀, ló burú jù. Ó ń ru ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń fa ìtọ̀ ṣúgà, ó sì ń kún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá yẹn á máa lẹ̀ mọ́ ara òpó ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Òpó tó yẹ kó máa fà kó sì máa sún kì á wá le gbagidi, bíi rọ́bà ìdí ṣòkòtò tó ti gbó. Ọjọ́ kan, ibì kan á sán lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, ọ̀nà á dí.

Mo wá jókòó ro ọ̀rọ̀ ara mi. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi kọ́ṣẹ́. Láti àárọ̀ dalẹ́, ẹsẹ̀ mi kì í sinmi, àtilé wá sí ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ náà ni. Ọdún tí mo ra mọ́tò oníná sí máṣíìnì, mo ṣe ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ra ọ̀kadà lé e. Báyìí ni ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe gba ìfẹ̀yìntì láìgba owó ìfẹ̀yìntì. Ìwé ìwọ̀n mi jẹ́rìí sí i: ọdún tí mo ra mọ́tò ni nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Mi ò ta mọ́tò o, ebi á pa mí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ọ̀kadà sílé. Láti Òkè Àró sí ṣọ́ọ̀bù, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni lẹ́sẹ̀ tí mo bá gbẹ́sẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, 150 ìṣẹ́jú nìyẹn, iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní ó kéré tán kéèyàn máa ṣe nìyẹn. Kì í ṣe ìrìn ìyàwó tuntun. Ìrìn tí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọlọ́kadà àdúgbò ń bi mí bóyá wọ́n ti jí tèmi gbé. Bí mo bá fẹ́ gé aṣọ báyìí, orí ìdúró ni mo ti ń gé e, mo sì máa ń dìde lórí máṣíìnì tí ọ̀kan bá ti jáde.

Ti oúnjẹ ló le jù. Ẹni tó bá ní kí ọmọ Ondó jáwọ́ nínú iyán, kó kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ láàfin. Mo ṣì ń jẹ ẹ́. Mo gé e sí ìdajì ni, mo sọ ẹ̀fọ́ di ọ̀gá inú abọ́, mo sì ń jẹ ẹ́ ní ọ̀sán dípò aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹja Igbókòdá ló rọ́pò ẹran ọlọ́ràá lọ́pọ̀ ọjọ́. Mínírà tí mo máa ń mu lójoojúmọ́, mo fi omi rọ́pò rẹ̀. Iyọ̀ ni ìjà wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó 5 gíráàmù lóòjọ́, ìyẹn ò ju ṣíbí tíì kan lọ, àtèyí tó wà nínú búrẹ́dì àti magí ló sì wà nínú ìṣirò yẹn. Ìyàwó mi ní òun kì í kúkú fi iyọ̀ púpọ̀ sọ́bẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ṣíbí iyọ̀ kan, magí mẹ́fà! Mo gbé páálí magí fún un pé kó ka ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sára rẹ̀. Iyọ̀ ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí dalẹ́.

Àmọ́ òun náà ló wá ọgbọ́n rẹ̀ dá. Ó ń ra irú tí wọn ò fi iyọ̀ pò, ó ń fi ata, àlùbọ́sà, ẹfinrin àti ẹja gbígbẹ dá ọbẹ̀ lóhùn, magí di ẹyọ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, bí omi lásán ni ọbẹ̀ rí lẹ́nu mi. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ahọ́n mọ́ ọn lára. Tí mo bá lọ jẹun lóde ìnáwó báyìí, iyọ̀ á máa ta mí lẹ́nu.

Sìgá àti ògógóró, ẹ ò nílò kí télọ̀ kan sọ fún yín. Ẹni tó bá ń fa sìgá kó fi í sílẹ̀. Ká kúrò níbẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí ni ti oògùn ẹ̀yìn ríro. Àwa tí à ń tẹ̀ba lórí máṣíìnì, diclofenac ni à ń gbé mì bí ẹ̀pà. Mo ti lò ó fún ọdún pọ̀. Dókítà ní òun fẹ́ rí gbogbo oògùn tí mò ń lò, mo kó wọn dé, ó mú ìyẹn, ó ní ó wà lára ohun tó ń ru ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì lè ṣe ọkàn fúnra rẹ̀ ní jàǹbá. Ẹ béèrè kí ẹ tó máa gbé oògùn ìrora mì lójoojúmọ́.

Àti àìsùn. Tí ọdún bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, obì ni mo fi ń lajú, mo lè sun wákàtí mẹ́ta mọ́jú fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kí oníbàárà tún wá dúró lé mi lórí kó máa pariwo. Mo ti ń pa ìwé gbígba aṣọ dé báyìí nígbà tí ọdún bá ku oṣù kan. Owó tó ń wọlé dín kù, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Ṣùgbọ́n mò ń sun wákàtí méje.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Mò ń lò ó. Ní oṣù kẹrin, ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀ sí 128 lórí 82, inú mi dùn, mo ní mo ti bọ́, mo gbé oògùn jù sí àpótí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ó ti padà di 162. Oògùn yẹn ló mú un wálẹ̀ mà! Tó bá ń yọ yín lẹ́nu, dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ọdún méjì rèé. Tépù ní ọ̀gangan ìdodo ń ka 39. Mi ò tíì padà sí Ìdànrè, mo ti pinnu pé Àjíǹde tó ń bọ̀ ni. Bọ̀dá náà ń rìn yí ká àdúgbò rẹ̀ ní Ondó láràárọ̀ bí dókítà ṣe ní kó ṣe, ó sì ti fọn. Lóṣù tó kọjá, ó kó ṣòkòtò mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun gé wọn wọlé, ó ní wọ́n ń já bọ́ lára òun níwájú àna. Mo ní kó má ṣèyọnu, kó wá kó wọn lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn ti kọjá o.