Ọyẹ́ dé sí Kàbbà

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ yìí, mo wo ọ̀nà òkè Obangogo, n kò rí òkè kankan. Eruku ti bò ó mọ́lẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pariwo pe màámi síta.

Lọ́dún tó kọjá, ọyẹ́ kàn yọjú fún bí ọjọ́ mẹ́rin ni, ó bá tirẹ̀ lọ. Inú ooru la ti ṣe Kérésìmesì. Èyí tọdún yìí yàtọ̀: ètè mi ti là, aṣọ tí mo sá lálẹ́ àná ti gan paali.

Aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń bọ̀. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀, láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad ni. Bó bá lágbára, á ti afẹ́fẹ́ olómi tó ń bọ̀ láti òkun sẹ́yìn; bí ti òkun bá borí, ooru á padà dé. Ìdí nìyẹn tí ọdún kan fi ń le, tí òmíràn ń rọ̀.

Màámi jókòó ti iná, ó ń fi òrí pa gìgísẹ̀ ọmọ mi, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún èmi náà. Ó ní, “Ṣé èyí lò ń pè lọ́yẹ́? Nígbà tí mo wà lọ́mọge, omi inú àmù kì í ṣeé fọwọ́ kàn láàárọ̀.”

Mo bi í pé ìgbà wo ló ti rọ̀ báyìí. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n lọ gbé omi ọmọ kaná.