Ìṣẹ́jú Àáyá 11

Ọjọ́ Ẹtì, lálẹ́.

Èjìká ń ro mí. Baba tí mò ń tọ́jú ní Boston níbí sanra, wákàtí méjì-méjì la sì gbọ́dọ̀ máa yí wọn ní ìhà kejì kí egbò má baà dá sí wọn lára. Òyìnbó ni wọ́n, èmi ni mo sọ wọ́n ní Baba. Láti ọrùn wọn lọ sísàlẹ̀, kò sí ohun tó ń gbéra.

Họ́kì orí yìnyín ni ayọ̀ wọn. Àwọn ló kọ́kọ́ sọ ìtàn Jack Parker fún mi. Ó gbá họ́kì fún Boston University nígbà èwe rẹ̀, ó sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1973. Kò kúrò níbẹ̀ títí di 2013. Ìgbà 897 ló jáwé olúborí. Ó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè ní 1978, 1995 àti 2009. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápá yìnyín inú Agganis Arena, tí ọkọ̀ ojú irin tí mo ń wọ̀ máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Ti 2009 ni Baba ní kí n bá àwọn tàn lónìí. Góòlù méjì ni yunifásítì Miami ti ìpínlẹ̀ Ohio fi ń ṣáájú, eré kò sì ku ìṣẹ́jú kan pé mọ́. Àwọn ọmọ Parker dá méjèèjì padà, wọ́n sì borí ní àfikún àkókò. Baba ti wò ó títí, wọ́n mọ ibi tí rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá yẹn máa gbà wọlé, síbẹ̀ ojú wọn tún kún fún omi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Travis Roy ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 1995, wọ́n ta àsíá ife ọdún náà sókè. Travis, ọmọ ogún ọdún láti Maine, bọ́ sórí yìnyín fún yunifásítì náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó sáré lọ fi ara gbá alátakò kan, ara rẹ̀ tàsé, ó sì forí sọ ògiri tó yí pápá ká. Ìṣẹ́jú àáyá 11 péré ló lò lórí yìnyín. Eegun ọrùn rẹ̀ fọ́. Bàbá rẹ̀ lọ bá a lórí yìnyín. Travis sọ fún un pé òun ṣáà dé ibi tí òun ń lé.

Mo mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ni mo fi ń jẹun. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣe ń kó àwọn ọmọ tó kù padà sórí yìnyín yẹn. Parker kó wọn padà, fún ọdún 17 sí i. Ní 1999 wọ́n gbé nọ́ńbà 24 tí Travis wọ̀ kọ́ sókè, ẹlòmíràn kò tún ní wọ̀ ọ́ mọ́. Travis dá àjọ sílẹ̀ fún àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn bàjẹ́, ó sì kú ní 2020, lẹ́ni ọdún 45.

Ìtàn Parker náà ní àbàwọ́n. Ọlọ́pàá mú méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní sáà kan náà lórí ẹ̀sùn ìwà ipá sí obìnrin, ìgbìmọ̀ yunifásítì sì sọ ní 2012 pé àmójútó ẹgbẹ́ náà kò tó. Baba kì í fẹ́ kí n mẹ́nu bà á. Mo kọ ọ́ síbí nítorí àwọn ọmọbìnrin yẹn náà ní ìyá.

Ní aago mẹ́jọ, mo yí Baba sí apá ọ̀tún, mo ki ìrọ̀rí sí wọn lẹ́yìn, mo fa aṣọ bo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní ṣé mo rò pé Parker ń sùn dáadáa. Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n má pa tẹlifíṣọ̀n, mo sì fi í sílẹ̀ kí n tó jáde.